Owó Ẹrù sí Òkè Òkun: Ta Ni Yóò San Án?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí NIPOST, bẹ̀rẹ̀ sí gba 80 dọ́là, tàbí iye rẹ̀ ní náírà, lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Owó ibodè ni wọ́n pè é, a sì gbọ́dọ̀ san án sílẹ̀ kí ẹrù tó kúrò ní kóńtà. Kì í ṣe owó ìfiránṣẹ́. Ìyẹn dúró ní àyè tirẹ̀. Ní àkókò tí à ń wí yìí, dọ́là kan ju ₦1,500 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àdìrẹ yáàdì márùn-ún ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Houston yóò kọ́kọ́ ka ohun tí ó ju ₦120,000 sílẹ̀ kí òṣùwọ̀n tó sọ tirẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí iye àdìrẹ náà má tó ìdajì owó yìí.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ni, a kì bá tí fi ojú-ewé yìí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀s, ní Máídúgùrí àti ní àwọn ìlú mìíràn lókè Ọya mọ̀ pé òwò ti yí padà. Àwọn bàbá wa ń kó obì gòkè, wọ́n sì ń kó àlùbọ́sà àti màlúù sọ̀kalẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ wọn ń ya àwòrán báàgì aláwọ tí wọ́n rà ní Kánò, wọ́n ń ya àwòrán aṣọ aró Kofar Mata, àdìrẹ tí wọ́n gbà láti Abẹ́òkúta, òrí àti ọṣẹ dúdú, wọ́n sì ń fi wọ́n hàn fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto. Ìsọ̀ wọn kò ní pákó, kò ní páànù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà. A kì í san owó ilẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí agbowó-òde tí yóò wá kan ilẹ̀kùn. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi rò pé òwò tí kò ní ìnáwó ni.

Ìnáwó rẹ̀ wà. Ojú ọ̀nà ni ó fara pamọ́ sí. Ohun tí ó ń pa irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ àìsí oníbàárà. Ohun tí ó ń pa á ni pé ẹni tí ó ni ín ti dá iye owó ẹrù fún oníbàárà kí ó tó mọ iye tí òṣùwọ̀n yóò gbà, iye tí páálí yóò gbà, àti iye tí àwọn aṣọ́bodè ìlú òyìnbó yóò gbà. Mẹ́ta ni wọ́n, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kí ló mú Amẹ́ríkà ṣe ohun tí ó ṣe? Òfin kan wà ní ilẹ̀ náà tí ó yọ̀ǹda kí ẹrù tí iye rẹ̀ kéré wọlé láìsan owó ibodè. Ní ọdún 2016 ni wọ́n gbé iye náà sókè láti 200 dọ́là sí 800 dọ́là. Àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ jù lọ ni àwọn ilé-ìtajà ńlá tí ń ta ọjà Ṣáínà, irú bí Shein àti Temu, tí wọ́n ń pín ọjà wọn sí àpò kéékèèké, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹnu-ọ̀nà ẹni tí ó rà á. Ẹrù bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà fúnra wọn ké gbàjarè. Ìjọba ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ ọjà Ṣáínà ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 2025. Kò pẹ́ tí Ààrẹ Donald Trump fi pàṣẹ, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún kan náà, pé kí a tì í mọ́ gbogbo ayé. Àwọ̀n tí a ta fún erinmi ni eléyìí, ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja wẹ́wẹ́ kò fi rí ibi yọ.

Àṣẹ náà fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ẹrù tí ó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Ọ̀nà kìíní ni kí a ṣírò owó ibodè lórí iye ọjà gan-an. Ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Nàìjíríà nígbà náà. Ọ̀nà kejì ni kí a san iye kan náà lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, ì báà kéré, ì báà tóbi: 80 dọ́là fún orílẹ̀-èdè tí ìdá tirẹ̀ kò tó 16, 160 dọ́là fún èyí tí tirẹ̀ wà láàárín 16 àti 25, àti 200 dọ́là fún èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni 80 dọ́là tiwa ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí báàgì kan bá jẹ́ 40 dọ́là, ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 6 dọ́là péré. Ṣùgbọ́n 80 dọ́là ni ẹni tí ó lọ sí kóńtà san. Kí 80 dọ́là tó lè bá ìdá 15 dọ́gba, iye ọjà náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 533 dọ́là. Ta ni nínú àwọn obìnrin tí ń ta ọṣẹ dúdú ni ó ń ta ẹrù 533 dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà? Nítorí náà, bí a tilẹ̀ pe owó yìí ní iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, ẹni tí ọjà rẹ̀ kéré ni ó ń ru èyí tí ó wúwo jù. A kò sọ pé NIPOST ṣe é láti jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Ọ̀nà tí a fi ń ṣírò lórí iye ọjà ń fẹ́ ẹ̀rọ àti àdéhùn tí yóò fi owó olúkúlùkù ẹrù lé àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà lọ́wọ́, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kò tó oṣù kan. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn ìlú tí ó lọ́rọ̀ jù wá lọ pàápàá kò rí i ṣe. Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, UPU, ròyìn pé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ náà, ẹrù tí ń lọ sí Amẹ́ríkà dínkù ní ìdá 81 nínú 100 sí ti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, àti pé ilé ìfìwéránṣẹ́ 88 ni ó fi tó òun létí pé àwọn ti dá iṣẹ́ sí ibẹ̀ dúró, yálà díẹ̀ nínú rẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀. Bí a bá fi ojú yìí wò ó, NIPOST tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Owó àbáwọlé ni ó pọ̀.

Oṣù mẹ́fà ni àṣẹ náà fún ọ̀nà iye-kan-náà, pé lẹ́yìn rẹ̀, orí iye ọjà ni gbogbo wọn yóò máa ṣírò sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iye tí ó gbọ́ ní ọdún 2025 dá oníbàárà lóhùn láìtún bèèrè. Ìdá owó ibodè Amẹ́ríkà jẹ́ ohun tí ó ń yí padà láàárín ọdún kan ṣoṣo. Kóńtà ni kí a ti bèèrè rẹ̀, ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ni ó wà láyé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa ni ó sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2021, òfin ti sọ pé lórí ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 135 pọ́n-ùn lọ, ẹni tí ó ta ọjà ni ó gbọ́dọ̀ gba owó-orí ọjà, ìdá 20 nínú 100, lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, kí ó sì san án fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bí Etsy tàbí eBay, ni a ti ta á, àwọn tí ó ni ọjà náà ni yóò gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé ìsọ̀ ara ẹni ni, ọrùn ẹni tí ó ni ìsọ̀ ni ó wà, ó sì ní láti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí a fi lè rí ẹni tí ń san owó díẹ̀ fún irú ọjà ńlá bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ó bá tà, tí kò sì kábàámọ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà nínú ìṣọ̀kan pa àǹfààní tiwọn rẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje 2021. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹrù tí kò ju 22 yúrò lọ kì í san owó-orí ọjà rárá. Lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹrù tí ó kéré jù. Ní oṣù kejìlá 2025 ni wọ́n sì tún pinnu pé láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2026, àwọn yóò máa gba owó ibodè 3 yúrò lórí irú ọjà kọ̀ọ̀kan nínú ẹrù tí kò tó 150 yúrò. Ẹ kíyè sí i pé irú ọjà ni wọ́n wí. Ọṣẹ mẹ́fà nínú páálí kan jẹ́ irú ọjà kan. Ọṣẹ, aṣọ àti báàgì nínú páálí kan náà jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa di oríṣiríṣi pọ̀ kí owó ẹrù lè dínkù gbọ́dọ̀ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe bí ó bá jẹ́ Jámánì tàbí Ítálì ni ẹrù náà ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, nítorí pé ibi tí agbára wa mọ ni a ti lè tún nǹkan ṣe. Páálí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ìwọ̀n ẹrù ni a fi ń gba owó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn akẹ́rù bí DHL, FedEx àti UPS ń wọn páálí pẹ̀lú. Wọn yóò fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀, wọn yóò tún fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọn yóò sì pín in sí ọ̀nà 5,000. Ohun tí ó bá jáde ni wọ́n ń pè ní kílò ti páálí náà. Bí ó bá ju kílò tí òṣùwọ̀n sọ lọ, òun ni wọn yóò gba owó lé lórí. Bàálù ni ó fa èyí: àyè inú rẹ̀ kò pọ̀, òwú tí ó kún inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kí irin rí ibi wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan ní gèlè aṣọ òkè méjì àti ìborùn kan láti fi ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú páálí jẹ́ kílò 1.2. Páálí tí ó rí lọ́wọ́ aláte ni ó mú, gígùn rẹ̀ 40, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 20. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 24,000 ni. Bí a bá pín in sí 5,000, ó di 4.8. Akẹ́rù yóò sún un dé kílò 5, nítorí ààbọ̀ ààbọ̀ kílò ni wọ́n fi ń ka owó, òkè ni wọ́n sì máa ń sún un sí. Ẹni yìí yóò san owó kílò 5 lórí ẹrù kílò 1.2. Afẹ́fẹ́ ni ó fi ìyókù rán lọ sí òkè òkun! Bí ó bá ká àwọn aṣọ náà dáadáa sínú àpò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 35, ìbú rẹ̀ 25, gíga rẹ̀ 6, ìṣirò yóò fún un ní 1.05. Èyí kò tó ohun tí òṣùwọ̀n sọ, nítorí náà 1.2 ni wọn yóò lò, wọn yóò sì sún un dé 1.5. Aṣọ òkè kì í bàjẹ́ nítorí pé a ká a. Ìyá wa kò gbé e kọ́ rí.

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni òfin. Ẹrù kékeré tí wọ́n ń bá lẹ́tà gbé kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2 lọ. Gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, kò sì sí èyí nínú wọn tí ó gbọ́dọ̀ ju 60 lọ. Ẹ wo páálí wa àkọ́kọ́ yẹn: 40, 30 àti 20 jẹ́ 90 gééré. Ó gba ibẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹrù kékeré, kílò 1.2 rẹ̀ ni wọn yóò sì wò. Páálí kan náà tí ó jẹ́ kílò 5 lọ́wọ́ akẹ́rù jẹ́ kílò 1.2 lọ́wọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ní òun ti ṣèwádìí iye owó ẹrù, tí ó sì jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ó ti bèèrè, kò tíì ṣèwádìí. Akẹ́rù yá ju ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, èyí kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dúró de ọṣẹ kì í sábà kú nítorí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdí wo ni owó ilé ìfìwéránṣẹ́ pàápàá fi ń lọ sókè lọ́dọọdún? Àwọn kan á ní ìwà ọ̀kánjúà ni. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó gba ẹrù ní Kánò kò ní òṣìṣẹ́ ní Manchester. Àwọn ará ibẹ̀ ni yóò bá a gbé e dé ilé oníbàárà, ó sì gbọ́dọ̀ sanwó iṣẹ́ náà fún wọn. Ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ UPU ní Tokyo ní ọdún 1969 ni ó fi ìlànà sísan owó yìí lélẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa ti wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1961. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iye náà fi rọrùn fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, títí Amẹ́ríkà fi halẹ̀ ní ọdún 2018 pé òun yóò jáde. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, wọ́n pàdé ní Geneva láti pẹ̀tù sí i, wọ́n sì gbà kí Amẹ́ríkà máa dá iye tirẹ̀ láti oṣù keje 2020. Àwọn mìíràn náà tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí èyí, owó-ìṣirò àgbáyé tí à ń pè ní SDR ni a fi ń ka gbèsè yìí, kì í ṣe náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Gbèsè kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti di ìlọ́po mẹ́ta lójú ẹni tí náírà ni ó ní lọ́wọ́.

A fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé bí gbogbo èyí ṣe ń bá àpò ẹni jà. Ẹnu ni a fi dá àwọn iye tí ó wà nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Oníṣòwò kan ra báàgì aláwọ ní ₦28,000, ó sì tà á fún ẹni kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ₦40,000. Ó ti kọ ọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀ pé owó ẹrù sí gbogbo ayé jẹ́ ₦35,000, nítorí pé ó fẹ́ kí ó rọrùn kà. Oníbàárà san ₦75,000. Ó dé kóńtà, wọ́n ní ₦38,000 ni. Páálí àti téèpù gba ₦1,800. Ọkọ̀ tí ó gbé e dé ibẹ̀ gba ₦1,500. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá a gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì yọ ìdá 4 nínú 100, ìyẹn ₦3,000. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú iye tí ó ra báàgì, ₦72,300 ni ó ná. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,700. Lójú rẹ̀, èrè ₦12,000 ni ó jẹ.

Bí ẹrù náà bá sọnù ńkọ́? Yóò dá ₦75,000 padà fún oníbàárà, ₦72,300 tí ó ti ná sì ti lọ. Kí ó tó lè rí owó yìí padà láti inú èrè ₦2,700, yóò ní láti ta báàgì 27, kí ìkankan nínú wọn má sì sọnù. Nítorí èyí ni a kò fi gbọ́dọ̀ ka owó ìforúkọsílẹ̀ ẹrù sí ìnákúnàá. Ẹrù tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ḿbà: lẹ́tà méjì, iye mẹ́sàn-án, àti NG ní ìparí tí ó fi ilẹ̀ wa hàn. Nọ́ḿbà yìí ni a fi lè tọpa rẹ̀, òun ni a sì fi lè béèrè ẹ̀tọ́ ẹni bí ó bá sọnù.

Owó ẹrù kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, ni a kọ̀ jálẹ̀. Accra kì í ṣe Toronto. Ó sàn kí a kọ iye mẹ́rin tàbí márùn-ún, Áfíríkà lọ́tọ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, Yúróòpù lọ́tọ̀, Amẹ́ríkà àti Kánádà lọ́tọ̀, kí a sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n: ààbọ̀ kílò, kílò kan, kílò méjì. Kí a sì kọ ọ́ ketekete sí ibi tí oníbàárà yóò ti rí i kí ó tó sanwó, bóyá owó ibodè wà nínú iye náà tàbí kò sí níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí olùgbà kò sì mọ̀, agbẹ́rù yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó, owó iṣẹ́ akẹ́rù yóò tún gun orí owó ibodè, òun yóò sì kọ̀ láti gbà á. Ẹrù á wá padà, ta ni yóò san owó àbọ̀? Lórí fọ́ọ̀mù ẹrù ńlá, àyè wà tí a ti ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe bí olùgbà bá kọ̀ ọ́: kí wọ́n dá a padà ni, tàbí kí wọ́n gbé e sọnù. Ọ̀pọ̀ kì í kà á. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ ẹgbẹ̀rún mélòó kan ni, kí wọ́n gbé e sọnù dára ju kí a san owó bàálù lẹ́ẹ̀kejì lọ.

Ohun kan wà tí a kò lè ṣàì mẹ́nu bà. Àwọn kan ń kọ “ẹ̀bùn” sí ara ọjà tí wọ́n tà. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn tí kò ju 100 dọ́là lọ sílẹ̀ láìgba owó ibodè nínú àṣẹ ọdún 2025 yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi èyí tí kò ju 39 pọ́n-ùn lọ sílẹ̀. Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì ni wọ́n ń wí. Aṣọ́bodè tí ó rí “ẹ̀bùn” lára páálí tí ó ní orúkọ ìsọ̀ àti ìwé owó nínú kì í ṣe ọmọdé. Ẹrù á há, orúkọ ẹni tí ó fi ránṣẹ́ á sì wọ ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kọ “aṣọ” lásán láìsọ irú aṣọ tí ó jẹ́. Láti ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà ti ń fẹ́ kí àlàyé ẹrù ti orí ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹrù fúnra rẹ̀ tó dé. Nọ́ḿbà tí gbogbo ayé fi mọ ọjà wà pẹ̀lú. 3401 ni ti ọṣẹ. Ẹni tí ó mọ nọ́ḿbà ọjà tirẹ̀ kò ní bá akọ̀wé kóńtà jiyàn.

Àwọn ọjà kan tilẹ̀ wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣírò owó wọn rárá, nítorí pé wọn kò ní wọlé. Kílíṣí wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò mọ adùn rẹ̀, àwọn ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran láti ilẹ̀ wa nínú ẹrù, Yúróòpù kò sì gbà á. Ẹ̀wà gbígbẹ náà kò rí àyè wọ Yúróòpù mọ́ láti ọdún 2015 nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹni tí ń ta ère gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kódà bí ó bá jẹ́ àná ni wọ́n gbẹ́ ère náà.

Kí ni ìjọba lè ṣe sí i? Ó dá wa lójú pé ohun tí ó ṣeé ṣe pọ̀. Brazil ti ní ìlànà kan láti nǹkan bí ọdún 2000, Exporta Fácil ni wọ́n ń pè é, níbi tí oníṣẹ́-ọwọ́ ti lè lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, kí ilé ìfìwéránṣẹ́ sì bá a parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè. Peru gba ìlànà náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 2007. UPU fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù kẹsàn-án 2025 pé òun ti ṣe ètò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lè fi ṣírò owó ibodè lójú oníbàárà kí ó sì gbà á ní kóńtà. Bí irú ètò báyìí bá dé gbogbo ìpínlẹ̀, kì í ṣe Èkó àti Àbújá nìkan, ẹni tí ó wà ní Jọ́ọ̀s yóò mọ àpapọ̀ owó rẹ̀ kí ó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn àgbàlagbà wa tí wọ́n ṣì ń pe ilé ìfìwéránṣẹ́ ní P and T, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1985 ni wọ́n ti yà á kúrò lára tẹlifóònù, lè rántí ìgbà tí ìwé iye owó máa ń wà lára ògiri kóńtà. Kí wọ́n dá ìwé náà padà sára ògiri, kí ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò ná ìjọba ní owó púpọ̀.

Ní ti ọjọ́ iwájú, Amẹ́ríkà ti fi òfin gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2025 pé láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2027, àǹfààní 800 dọ́là yóò parẹ́ nínú ìwé òfin fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí Ààrẹ mìíràn bá tilẹ̀ fagi lé àṣẹ ti ìṣáájú, ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ní oṣù kọkànlá 2025 pé àǹfààní 135 pọ́n-ùn tí ó yọ ẹrù kékeré kúrò nínú owó ibodè yóò dópin, ó pẹ́ tán ní oṣù kẹta 2029. Ẹni tí ó bá ń tẹ ìwé iye owó ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ nísinsìnyí, kí ó fi àlàfo sílẹ̀ níwájú orúkọ ilẹ̀ méjèèjì yìí, kí ó sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ wọ́n.